Bàbá Rájí àti Omi Tí Kò Sí

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Rájí ṣe láyé, kí Ọlọ́run forí jìn ín, èyí tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù ni ti ọjọ́ tó jókòó sínú omi tó sì ní kò sí omi. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Omi ti kún gọ́tà, ó ti gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ pálọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Bàrígà, ó sì ti dé ojúgun. Bàbá Rájí wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó gẹ fìlà sí apá òsì, ó jókòó sórí àga oníke, ó kọjú sí kámẹ́rà. Fadékẹ́ ló ń yà á. Ọmọ àdúgbò ni, ó kàwé ní Akoka, ó sì fẹ́ ṣe fíìmù nípa bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń fara da ìyà láìjuwọ́ sílẹ̀. Ó ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí ìkún omi yìí ṣe rí lára yín."

"Ìkún omi wo?"

Fadékẹ́ wo ilẹ̀, ó tún wo Bàbá. "Èyí tí a dúró sínú ẹ̀ yìí, sà."

"Fadékẹ́, mo mọ̀ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́. Má jẹ́ kí àwọn tó ni kámẹ́rà kọ́ ọ ní irọ́ pípa. Ilẹ̀ Bàrígà gbẹ. Ó gbẹ táútáú."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti léfòó jáde láti ilé ìdáná. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tòun ti ọmọrí lórí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bàbá Rájí kò wẹ̀yìn. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó fi dá ìkòkò dúró, ó wo kámẹ́rà tààrà, ó ní, "Atẹ́gùn ni."

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, Rájí sì lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wá sí Èkó, tó ń bá wọn gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú títí agbára fi tán lápá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé, ó dúró láàárín agbo ilé wọn, ó sì kéde pé òun kò ní padà láìjẹ́ pé òun kọ́lé sí Èkó. Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Ilẹ̀ tí apá rẹ̀ ká ló rà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì mú un lọ wò ó. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ fi máa rọ̀, Bàbá Rájí ti kó ẹrù wọlé, ó sì ti fi ránṣẹ́ sílé pé òun ti di onílé.

Láti ìgbà náà ni òun àti omi ti ń bá ara wọn ṣe ìdíje. Bí omi bá wọlé, tó sì fà, ó máa ń fi àmì sílẹ̀ lára ògiri. Lọ́dún àkọ́kọ́, Bàbá Rájí ra ọ̀dà pupa, ó kun ògiri láti ilẹ̀ dé ibi tí àmì náà dé. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní, "Sítáì ni. Báyìí ni wọ́n ń kun ún níbi tí ojú ti là." Lọ́dún kejì, omi gòkè sí i, òun náà gbé ọ̀dà gòkè. Àwọn aládùúgbò kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kun tiwọn bẹ́ẹ̀, torí ojú ń ti àwọn náà. Nígbà tí ọ̀dà pupa dé ìdí fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Waliyat, bó bá kan òrùlé ńkọ́?"

Ó ní, "A ó ra ọ̀dà sí i ni."

Ti kàlẹ́ńdà tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, á pe ayàwòrán wá sí iwájú ilé, á wọ agbádá, á gbé ẹsẹ̀ kan lé eruku. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé á fi àwòrán náà tẹ kàlẹ́ńdà, òun á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn. Kò sí iyàrá kan ní agbo ilé wọn tí kò gbé e kọ́. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn pé Bàrígà gbẹ jù. Lọ́dún kan, àbúrò rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì wá láti Ìsẹ́yìn, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ pé wọ́n ń rí omi mu.

Àmọ́ ti ọjọ́ fíìmù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rárá. Waliyat, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove, ibẹ̀ ló ti pàdé Awwal. Awwal fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá rẹ̀, Àlàájì Ràmọ́nù, sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ilé Àlàájì wà lórí òkè ní Palmgrove, àgbàrá kì í dé ìloro rẹ̀. Bàbá Rájí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé inú omi lòun ti tọ́ ọmọ tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Awwal ti bẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọkùnrin náà tẹ ilé òun àfi nígbà ọyẹ́. Bí òjò bá ti ṣú, á ní kí Waliyat sọ fún un pé àwọn rìnrìn àjò. Awwal rò pé ìdílé tó fẹ́ràn ìrìn àjò ni.

Nítorí náà, nígbà tí Fadékẹ́ gbé kámẹ́rà dé, kì í ṣe Fadékẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àlàájì Ràmọ́nù ló ń bá sọ̀rọ̀.

Fadékẹ́ kò mọ̀. Ó gé ibi ìkòkò yẹn sọ́tọ̀ lára fíìmù, ó fi sórí ẹ̀rọ ayélujára, kí àwọn èèyàn lè máa retí èyí tó kù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti dé Fola Agoro, ó ti kọjá Ìkòròdú, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó sùn. Wọ́n ní bí iná bá lọ ní Akoka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa pariwo, "Òkùnkùn wo?" Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ká mọ́ ilé àlè dáhùn pé, "Àlè wo?" Àwọn aládùúgbò tó kun ọ̀dà pupa pẹ̀lú Bàbá Rájí náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rín in.

Ní ọ́fíìsì Palmgrove, ọ̀rẹ́ Waliyat kan tó ń jẹ́ Níní na fóònù sí i.

"Waliyat, abeg, wá wo bàbá yìí! Omi ń gbé ìkòkò lọ, ó ní atẹ́gùn ni!"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Waliyat náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ṣebí Bàrígà yẹn náà lẹ̀ ń gbé."

"Bàrígà tóbi," ni Waliyat wí. Ó dìde, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti kékeré ni omi yẹn ti ń tì í lójú, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, omi kọ́ ló tì í lójú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe baba rẹ̀. Ẹ̀rín tó bá wọn rín ni.

Ìyá Waliyat ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àna fún Fadékẹ́. Ọmọbìnrin náà sáré wá, ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè. Nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá rẹ̀ bá pẹ́ lọ́jà, inú ìkòkò tó léfòó yẹn gan-an ni wọ́n ti máa ń bu ọbẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀. Mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Ṣé o ti yọ ọ́ kúrò lórí gbogbo fóònù?"

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́.

Bàbá Rájí wò ó títí. Gbogbo ilé ń retí pé yóò bínú. Ó ní, "Fìlà mi ńkọ́? Ṣé ó gún?"

"Ó gún, sà."

"Léèsì yẹn ńkọ́?"

"Ó yọ dáadáa, sà."

"Ó dáa. Ìkòkò yẹn nìkan ni mi ò fẹ́ kí wọ́n rí." Ó yí ojú sí ògiri. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kọ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ, kò kọ ẹ̀bà rí, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

Waliyat bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gba gbọ̀ngàn kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ní rárá. Ó ní inú ilé ni wọ́n ti ń mọ ara ẹni, gbọ̀ngàn kì í bímọ. Ó wá ń wo ojú ọ̀run lójoojúmọ́ bí àgbẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ títí ó fi ku ọ̀la, òjò wá tú dà sílẹ̀ bí ẹni ń san ẹ̀jẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, omi mu kókósẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá Rájí ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Sórí kí ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Sórí ilẹ̀."

Wọ́n tẹ́ ẹ. Kápẹ́ẹ̀tì náà léfòó díẹ̀, ó ronú sí i, ó sì rì.

Àwọn àna dé. Àlàájì Ràmọ́nù ló ṣáájú, aṣọ funfun láti òkè délẹ̀. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó wo pálọ̀, ó wo ògiri pupa, ó wo Bàbá Rájí tó jókòó lórí àga oníke yẹn kan náà, tó wọ léèsì yẹn kan náà. Kò sí ẹni tí kò tíì rí vídíò yẹn nínú gbogbo wọn. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àlàájì," ni Bàbá Rájí wí. "Ẹ wọlé, ilẹ̀ gbẹ."

Àlàájì bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀. "Ilẹ̀ gbẹ lóòótọ́," ó ní, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ omi. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e wọlé, wọ́n jókòó, ẹsẹ̀ gbogbo wọn nínú omi, kò sí ẹni tó wo ilẹ̀.

Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n kí ara wọn. Alága tó ń darí ètò, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo. Ó ní, "Ó yá o, kí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó!" Ẹ̀yìn tó sọ ọ́ tán ló wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ pé kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀, òun ni bàbá ìyàwó. Gbólóhùn kan ló kù kó sọ: ó tó, ẹ dìde. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn yóò bi í pé nítorí kí ni. Bàbá Rájí gbé àgbọ̀n sókè, ó tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà ara rẹ̀ lára ògiri. Waliyat, tó wà nínú iyàrá, bo ojú. Awwal, tó wọ funfun bíi bàbá rẹ̀, wo omi, ó wo bàbá rẹ̀.

"Kí lo ń wò?" ni Àlàájì bi í. "Ṣé bàbá ìyàwó rẹ ò sọ pé ilẹ̀ gbẹ ni?"

Awwal dọ̀bálẹ̀. Ó nà gbalaja, àyà rẹ̀ wọmi, fìlà rẹ̀ ṣí, ó sì forí lé ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wó lulẹ̀ tẹ̀ lé e, omi ta sí alága lára. Bàbá Rájí kò mira. Nígbà náà ni Àlàájì Ràmọ́nù fúnra rẹ̀ dìde. Ó ní, "Èmi náà ni mo wá tọrọ ọmọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ba pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti kan omi.

Bàbá Rájí fò dìde lórí àga.

"Rárá! Àlàájì, ẹ dìde! Omi ni! Ẹ jọ̀ọ́, omi ló wà nílẹ̀!"

Ó di Àlàájì mú ní apá méjèèjì. Ó ní, "Ojú tì mí, Àlàájì. Ọdọọdún ló ń wọlé. Ojú tì mí ni."

Àlàájì náà dì í mú. "Ta lẹ ń sọ fún? Kí n tó kọ́lé sókè, ìsàlẹ̀ Ṣómólú ni mo gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Awwal, omi wà nínú iyàrá. Orí tábìlì ni wọ́n bí i sí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, torí ojú ń ti èmi náà."

Láti inú omi, Awwal gbé orí sókè. "Lórí tábìlì, Àlàájì?"

"Sinmi ẹnu ẹ. Ṣé a ti ní kí o dìde?"

Ẹ̀rín tó bú jáde nílé náà, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Kámẹ́rà Fadékẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó ti fi sílé nítorí ìtìjú, ibi tí wọ́n ti ń gbé jọ́lọ́ọ̀fù ló wà, nínú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sínú abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó dára jù lọ nínú fíìmù rẹ̀, kò yà á.

Nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì, Bàbá Rájí ránṣẹ́ pè é fúnra rẹ̀. Ó ti ń wúkọ́ nígbà náà. Ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí, ó ní kó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kó bi òun bó ṣe bi òun.

"Bàbá, báwo ni ìkún omi yẹn ṣe rí lára yín?"

Ó yí ojú sí ògiri pupa.

"Ó tutù," ó ní. "Omi yẹn tutù, Fadékẹ́. Ẹ̀yin ń pè é ní ìfaradà. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ nílé pé n ó kọ́lé sí Èkó, mo sì kọ́ ọ. Ta ni n ó wá sọ fún pé omi ló ń gbé inú ẹ̀? Ojú ló tì mí tí mi ò fi kúrò. Ẹni tó fara dà á ni Ìyá Waliyat. Òun ló ń gbọ́n ọn, èmi ń kun ọ̀dà." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Má fi hàn wọ́n nísinsìnyí. Ìgbà tí mo bá kú. Òkú kì í tijú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fìlà mi ńkọ́?"

"Ó gún, Bàbá."

Ọyẹ́ yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi kú. Àwọn èèyàn ní ó ṣọ́ ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ ni. Àwọn ará Ìsẹ́yìn dé, wọ́n bá eruku níwájú ilé gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà ṣe wí, ọkàn wọn sì balẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n wọn kò purọ́. Àbúrò rẹ̀ tún gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì dání. Omi náà ni àwọn tó wá kírun sí i lára fi ṣe àlùwàlá.

Fadékẹ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣómólú. Nígbà tí ìkòkò jáde, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n yà nígbà ọyẹ́, wọ́n dákẹ́. Àwọn tó kun ilé wọn ní pupa ń wo bàtà wọn. Waliyat jókòó sí iwájú pẹ̀lú Níní tó pè wá, ó sì wí sí i létí pé, "Bàbá mi nìyẹn." Ìyá Waliyat kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀kan pa èkejì.

Òjò tún dé. Ní gbogbo ọdún tó kọjá, bí òjò bá rọ̀ tí Waliyat sì tẹ bàbá rẹ̀ láago láti ọ́fíìsì, ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ló gbé e.

"Màámi, ṣé omi ti wọlé?"

"Omi wo?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu ìyá náà kó tó mọ̀. Ó wo àga oníke tó ṣófo, ẹ̀rín gbà á. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, Waliyat sì ń pè é lórí fóònù, "Màámi? Màámi?"

"Ó ti wọlé, ọmọ mi. Ó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ̀ mí. Ẹ wá."

Waliyat kò gbọ́ ọ rí kí ìyá rẹ̀ ní ó rẹ òun. Kó tó dé, Fadékẹ́ ti gbé garawa wá láti òdìkejì títì. Awwal dé, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Àlàájì Ràmọ́nù ló kẹ́yìn, ó ká ṣòkòtò funfun rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Ìyá Waliyat dúró ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń dúró kí àlejò, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àna rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Ẹ rọra wọlé. Omi wà nílẹ̀."